Omi Tó Mọ́ Jù fún Amọ̀

Ẹ̀yin ọmọ tó ń wá iṣẹ́ tí ẹ ó fi ayé yín ṣe, amọ̀ ni mo fi temi ṣe. Ẹ má tíì fajú ro. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá ti gbọ́ amọ̀, ìkòkò dúdú ẹ̀yìn ilé ìyá yín àgbà, èyí tí adìyẹ ń mumi nínú rẹ̀, ló ń wá sí yín lọ́kàn. Ohun tí èmi náà rò nìyẹn nígbà tí wọ́n mú mi lọ. N ò mọ̀ pé kí n tó mọ ìkòkò kan, màá kọ́kọ́ kọ́ bí amọ̀ àti omi ṣe ń bára wọn gbé.

Ṣakí ni mo ti ṣe é, ní ebu Ìyá Ràfíù, lápá ibi tí ilé ti tán tí oko bẹ̀rẹ̀. Ebu ni à ń pe ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò. Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn: bàbá mi kú, agbára ìyá mi kò ká ilé ìwé mọ́, Ìyá Ràfíù sì bá wa tan lọ́nà jíjìn. Oúnjẹ ni mo kọ́kọ́ ń gbà, owó dé nígbà tó yá. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni Ìyá Ràfíù, kì í pariwo. Bí ó bá fẹ́ bá ọ wí, ńṣe ni ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ sí i, tí ìwọ fúnra rẹ yóò fi sún mọ́ ọn kí o lè gbọ́ èébú tó ń bú ọ. Aláró ni ìyá tó bí i, ní Ìsẹ́yìn, ó ń pa òwú láró fún àwọn tó ń hun aṣọ òkè. Ibi aró ni Ìyá Ràfíù ti mọ omi eérú, ìyẹn omi tí a dà sórí eérú igi tí ó rọra ń kán jáde nísàlẹ̀, tó máa ń yọ̀ mùlọ̀mùlọ̀ lọ́wọ́. Aláró ń lò ó kí ẹ̀lú lè mú òwú. Ìyá Ràfíù gbé e wọ inú amọ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, gígún àti sísẹ́ ni iṣẹ́ mi. Màá gún amọ̀ gbígbẹ títí yóò fi kúnná bí ẹ̀lùbọ́, màá sẹ́ ẹ, màá dà á sínú omi nínú ìkòkò ńlá kan tí à ń pè ní ìkòkò ìpò. Lẹ́yìn náà Ìyá á ní kí n di ojú mi, kí n ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Á ní, "Kí ni ọwọ́ rẹ gbọ́?"

Bí mo bá ní ó tutù, á ní kò sí omi tí kì í tutù. Bí mo bá ní ó ki, á ní ẹ̀kọ náà ki. Mo gbà pé ó kàn ń fi ìyà jẹ mí ni. Ọmọ tí wọ́n bá ń jẹ níyà kì í mọ ìgbà tí ó di ẹ̀kọ́. Bí a ṣe ń bá a lọ nìyẹn títí di ọjọ́ kan tí mo dijú, tí ó rẹ̀ mí, tí mo kàn sọ ohun tó wá sí mi lẹ́nu pé, "Ìyá, wọ́n ń dì mọ́ra wọn bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà."

Kò bú mi. Ó mú ìyẹ́ adìyẹ, ó tì í bọ omi eérú, ó kán an sínú amọ̀, ó ní kí n rò ó. Amọ̀ tó ki bí ẹ̀kọ tútù bá ń ṣàn bí ògì. Kò fi ẹ̀kán omi mìíràn kún un o. Ìyẹ́ adìyẹ yẹn náà ni.

"Ní báyìí ńkọ́?"

Mo ní, "Wọ́n ti fi ara wọn sílẹ̀."

Ó ní, "Iṣẹ́ nìyẹn. Ìyókù, ọwọ́ ni."

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé hóró amọ̀ kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, ó sì ní ìwà. Bí àwọn hóró náà bá ń lé ara wọn sẹ́yìn nínú omi, olúkúlùkù á dá dúró, omi amọ̀ á máa ṣàn, á dán, ohun tí o bá fi ṣe á gbẹ láìsán. Bí wọ́n bá dì mọ́ra wọn, wọ́n á di kókó, wọ́n á rì sísàlẹ̀. Bí o bá wá ní kí o fi omi púpọ̀ là wọ́n níjà, omi náà ni yóò gbẹ tán tí ìkòkò rẹ yóò fi sán. Láàárín ènìyàn, à ń gbàdúrà kí ará ilé rẹ́. Nínú ìkòkò ìpò, kí wọ́n má rẹ́ ni à ń bẹ̀.

Ọmọ ọmọ mi Ràṣídà, tó wà ní ilé ìwé gíga, ló wá là á yé mi láìpẹ́ yìí. Ó ní agbára kan bíi ti iná mànàmáná ló wà lára hóró amọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ó bá ti wọ omi, agbára kan náà ló sì wà lára gbogbo wọn, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fẹ́ fara kan ara wọn. Mo ní kó fi ohun tí mo mọ̀ ṣàlàyé. Ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ rántí ọyẹ́. Bí ẹ bá fi kóòmù oníke ya irun yín nígbà ọyẹ́, ṣé kì í dìde fọ́nká ni?" Mo ní ó ń dìde. Ó ní agbára yẹn náà ni, irun kọ̀ọ̀kan ń sá fún èkejì. Ó ní omi eérú ń fi kún agbára náà, àwọn nǹkan kan sì wà tó ń bọ́ ọ kúrò lára amọ̀. Inú mi dùn, nítorí mo ti ń di ohun náà mú tipẹ́ láìmọ orúkọ rẹ̀.

Òfin ebu Ìyá Ràfíù kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó le. O kò gbọdọ̀ gbé ọṣẹ tàbí iyọ̀ dé ìtòsí ìkòkò ìpò. Omi tó bá máa wọ inú amọ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ kedere. Ẹni tó bá sì ń bá ẹnikẹ́ni jà, kó lọ parí ìjà rẹ̀ kó tó wá fọwọ́ kan amọ̀. Ìyá gbà pé ìjà ń gba ọwọ́ wọ inú amọ̀, ó ń bà á jẹ́. Èmi rí i pé ẹni tí inú ń bí kì í lè kán omi eérú díẹ̀díẹ̀, dídà ló máa ń dà á, bí omi eérú bá sì ti pọ̀ jù, amọ̀ á tún padà di kókó. Ọ̀nà tí kálukú gbà mọ̀ ọ́n ni, òfin kan náà ló jẹ́.

Ike dé, ó lé ìkòkò kúrò lọ́jà. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Àwọn ebu mìíràn ń dákẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ táìlì ló wá kọ́ wa ní mọ́ọ̀dù. Pí-ó-pí funfun tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé ni wọ́n fi ń ṣe é. A ó da omi amọ̀ sínú rẹ̀, mọ́ọ̀dù á fa omi mu, amọ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn lára bí èèpá ẹ̀kọ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìkòkò, a ó da ìyókù jáde. Bí a bá ṣí i, àmù ti wà nílẹ̀, ọrùn àti ìdí. Ẹ̀rọ ìlọta gba iṣẹ́ odó lọ́wọ́ mi, n ò sì sunkún. Gáàsì gba iṣẹ́ igi. Ọkùnrin náà tún gbé ògùn olómi kan wá nínú ìgò pé kí á fi rọ́pò omi eérú. Ìyá kán an sínú amọ̀, ó dijú, ó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó ní, "Omi eérú náà ni. Ó kàn wọ ṣòkòtò ni." Ó dá a padà fún un.

Iṣẹ́ mọ́ọ̀dù yìí ni a ń ṣe nígbà tí Ràfíù, ọmọ Ìyá, gbé Ṣìfáwù níyàwó láti Ìgànná. Ọmọ ẹlẹ́gààrí ni, ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ náà yá. Láàárín ọdún díẹ̀ ó ti ń po amọ̀ tí Ìyá kì í rí wí sí. Ìyá kò yìn ín rí. Bí ó bá ṣe é dáadáa, Ìyá á ní, "Kò burú fún ẹni tí wọ́n fi gààrí tọ́." Ṣìfáwù á dáhùn pé, "Gààrí kì í sán o, Ìyá." Mo máa ń rẹ́rìn-ín, màá sì wojú ilẹ̀.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún kan wá le. Kànga ebu gbẹ, èyí tí kò gbẹ rí láti ìgbà tí mo ti dé. Iṣẹ́ sì wà nílẹ̀: ilé ìwé kan ní kí á bá àwọn ṣe àmù tí wọn yóò gbé sí gbogbo kíláàsì. Ṣìfáwù ló ń lọ dúró de mẹ́rúwà, ẹni tó ń ta omi, lójú títì, ó ń gba omi sínú dùrọ́ọ̀mù, omi odò tó pọ́n bí ẹrẹ̀.

Àmù tí a kọ́kọ́ ṣe sán. Wọ́n sán tán kí wọ́n tó gbẹ, láti ọrùn dé ìdí. A lọ amọ̀ tuntun sílẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣí ìkòkò ìpò. Ẹ ti rí bí àwọn obìnrin Fúlàní ṣe ń ṣe wàrà? Bí wọ́n bá kán omi ewé bọ́mubọ́mu sínú rẹ̀, á pín sí méjì, omi lọ́tọ̀, wàrà lọ́tọ̀. Bí amọ̀ wa ṣe rí nìyẹn. Mo kán omi eérú sí i, kò gbọ́. Mo kán òmíràn, ó tún le sí i.

Ìyá dé, ó wò ó. Ó béèrè ẹni tó fọwọ́ kàn án kẹ́yìn. Ṣìfáwù ní òun ni.

Ẹ rántí òfin ìjà. Ní alẹ́ àná, gbogbo agbolé ló gbọ́ ohùn Ṣìfáwù àti ọkọ rẹ̀. Ràfíù ti gbéra lọ sí Ijio láàárọ̀ láìkí ẹnikẹ́ni. Ṣìfáwù kò parí ìjà náà, ó sì wá po amọ̀ ní ìdájí.

Ohùn Ìyá lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ní láti wo ẹnu rẹ̀. "O bá ọmọ mi jà, o gbé ìjà náà wá sínú ìkòkò mi."

Ṣìfáwù ní, "Ìyá, omi ni mo pọn. Amọ̀ ni mo pò. N kò ṣe nǹkan mìíràn."

"Ebu ni ọwọ́ tó bọ́ Ràfíù. Ẹni tó bá ba ebu jẹ́, ilé ló bà jẹ́." Ó mú fóònù, ó pe bàbá Ṣìfáwù ní Ìgànná níwájú wa, ó ní kó wá mú ọmọ rẹ̀. Ó wá yíjú sí ọmọdé tó ń rá kòrò lórí ẹní, ọmọ Ṣìfáwù tí kò tíì rìn. Ó ní, "Ọmọ Ràfíù ni ọmọ. Ìyá rẹ̀ ni mo ní kó lọ."

Ṣìfáwù kò sunkún. Ó gbé ọmọ náà, ó pọ̀n ọ́n, ó fi ọ̀já so ó dan-in-dan-in ju bí ó ti yẹ lọ. Ó wọlé lọ kó ẹrù. Mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń ṣí àpótí, tí ó ń pa á dé.

N kò lè jókòó. Mo lọ síbi dùrọ́ọ̀mù omi láti fọ amọ̀ ọwọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀, mo sì rí ojú ara mi nínú omi. Mo rí ìsàlẹ̀ dùrọ́ọ̀mù pẹ̀lú, àti ibi tí ó ti dípẹtà. Mo dúró. Omi mẹ́rúwà kì í mọ́ báyìí. Láàárín alẹ́ sí òwúrọ̀, kò lè mọ́ báyìí láéláé. Mo ti apá bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀, ọwọ́ mi bá ìdọ̀tí tó kóra jọ múlọ́múlọ́. Wàrà kan náà ni.

Gbogbo yín ni ẹ mọ álọ́ọ̀mù. Kò sí ilé kan ní Òkè-Ògùn tí wọn kì í ju ú sínú omi pípọ́n kí ó lè ṣeé mu. Ohun tó ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń mú kí hóró ẹrẹ̀ inú omi náà dì mọ́ra wọn, kí wọ́n rì. Bí ó bá wá bá omi wọ inú amọ̀ wa ńkọ́? Amọ̀ náà kúkú jẹ́ ẹrẹ̀. Ohun tó ń tún omi mímu ṣe gan-an ló ń ba omi amọ̀ jẹ́. A kò mọ̀ nítorí pé kànga wa kò fìgbà kan pọ́n tí a ó fi nílò rẹ̀.

Mo gbé àwo méjì. Mo bu amọ̀ lílọ̀ kan náà sí wọn. Mo já omi inú ọ̀rá sí ọ̀kan, mo bu omi dùrọ́ọ̀mù sí èkejì, mo kán omi eérú sí méjèèjì. Ọ̀kan ṣàn. Èkejì di kókó níṣojú mi.

Mo gbé wọn tọ Ìyá lọ nínú yàrá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àìlà tán, ó ṣì wà lórí ẹní.

Mo ní, "Ìyá, omi dùrọ́ọ̀mù yẹn mọ́."

"Ṣé omi ẹrẹ̀ ló yẹ ká máa fi po amọ̀ ni?"

"Ó mọ́ jù, Ìyá."

Mo gbé àwo méjèèjì ka iwájú rẹ̀. Ó kó ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó dijú, ó ti ọwọ́ kan bọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó yọ ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ òsì kò kúrò nínú èyí tó di kókó, ìka rẹ̀ ń yí níbẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́.

Mo ní, "Amọ̀ kan náà ni, omi eérú kan náà. Omi dùrọ́ọ̀mù ló wà lọ́wọ́ òsì. Ẹnì kan ju álọ́ọ̀mù sí i."

Ó la ojú. Ó ní, "Omi náà pọ́n. Èmi ni mo jù ú sí i, kó lè tètè tòrò."

Òfin rẹ̀ ló sọ pé omi gbọ́dọ̀ mọ́. Òun ló sì pa á mọ́. Mo dúró kí n gbọ́ èyí tó kàn.

Ó ní, "Jáde."

Mo jáde. Ọkọ̀ ti gbéra ní Ìgànná. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ máa gbọ́ pé kí èèyàn máa bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀, òtítọ́ sì ni. Ọ̀gá mi ni Ìyá, òun ló sọ mí di ènìyàn. Ọmọ iṣẹ́ kì í tú ọ̀gá rẹ̀ sí ìhòòhò lójú àna. Ṣùgbọ́n bí ó bá dákẹ́, ọmọ tó wà lẹ́yìn Ṣìfáwù yóò kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Mo jókòó lábẹ́ àtíbàbà, mo ń wojú ọ̀nà, n kò mọ èyí tí màá ṣe.

Lẹ́yìn àlàásárì ni wọ́n dé, bàbá Ṣìfáwù àti àbúrò rẹ̀, nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó gààrí. Wọ́n kí wa bí ó ti yẹ. Ìyá jáde, ó jókòó. Ṣìfáwù kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú àpò rẹ̀, ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá náà kò pẹ́ ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní, "Ìyá, ẹ ní ká wá mú ẹni tó ba amọ̀ yín jẹ́ lọ sílé. A ti dé. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ lẹ́nu yín lójúkojú, ká lè máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú."

Ìyá wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mo ti ṣí ẹnu mi. N kò mọ ohun tí màá sọ, ṣùgbọ́n mo ti ṣí i.

Ìyá ní, "Èmi ni."

Bàbá náà fetí sílẹ̀ sí i bí ẹni tí kò gbọ́. Kì í sì í ṣe pé ohùn Ìyá lọ sílẹ̀. Ó tún un sọ, gbogbo ebu sì gbọ́ ọ: "Èmi ni mo ju álọ́ọ̀mù sínú omi tí ọmọ yín fi po amọ̀. Kò mọ̀. Èmi náà kò mọ ohun tó máa dà. Ṣùgbọ́n ọmọ yín ni mo nawọ́ sí, n kò nawọ́ sí ara mi."

Àbúrò bàbá náà wúkọ́. Bàbá wo àpò ọmọ rẹ̀ nílẹ̀, ó wo ọkọ̀, ó wo Ìyá. Ó ní, "Ó dáa, Ìyá. Ṣùgbọ́n ẹ ti jẹ́ kí a gbé ọkọ̀ wá. Ẹni tó ba amọ̀ jẹ́ lẹ ní ká mú, ọkọ̀ wa kì í sì í padà lófìfo."

Mo rò pé yẹ̀yẹ́ ni. Ṣìfáwù náà rò bẹ́ẹ̀, ó ti fẹ́ dá bàbá rẹ̀ lẹ́kun. Ìyá dìde. Ó ní, "Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ n mú gèlè mi."

Ó mú gèlè, ó mú ṣálúbàtà. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ Ṣìfáwù, ó dúró. Ó ní, "Tú ẹrù rẹ. Ìkòkò ìpò wà lọ́wọ́ rẹ títí n ó fi dé." Ó wọkọ̀, ó jókòó sáàárín àwọn ọkùnrin méjèèjì bí ìyàwó tuntun, wọ́n gbé e lọ sí Ìgànná.

Ó lò tó ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀. Wọ́n ní ó bá wọn bó ẹ̀gẹ́, pé kò jẹ́ kí wọ́n ṣe é ní àlejò. Ràfíù dé láti Ijio, ó bá ìyàwó rẹ̀ nílé, kò bá ìyá rẹ̀. Ó fúnra rẹ̀ wá bẹ Ṣìfáwù kó tó béèrè oúnjẹ. A da amọ̀ bíbàjẹ́ sẹ́yìnkùlé. A ń ra omi tuntun, a ń jẹ́ kó fúnra rẹ̀ tòrò díẹ̀díẹ̀ bó bá ti wù ú kó pẹ́ tó. Ṣìfáwù ló ń pò ó, èmi ń ṣe ohun tó bá ní kí n ṣe. Àmù tí a ṣe kò sán.

Orúnkún mi kò jẹ́ kí n lè bẹ̀rẹ̀ mọ́, mo sì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń bi mí bóyá iṣẹ́ amọ̀ lérè. Mo ní kí wọ́n lọ wo ebu náà fúnra wọn. Bí ẹ bá ń wá iṣẹ́, ẹ wò ó bóyá ọ̀gá ibẹ̀ lè sọ pé "èmi ni" lójú àna. Bí ó bá lè sọ ọ́, ẹ gbà á kó máa jẹ yín níyà díẹ̀.

Ọjọ́ tí Ìyá dé láti Ìgànná, a wà lábẹ́ àtíbàbà. Ṣìfáwù ti gbé omi amọ̀ sókè, ó fẹ́ dà á sínú mọ́ọ̀dù. Ìyá dúró síta lẹ́bàá òpó, pẹ̀lú àpò gààrí lórí, kò wọlé. Ó ní, "Ṣé àyè wà fún èèyàn?"

Ṣìfáwù kò gbé ojú sókè, nítorí ẹni tó ń da omi amọ̀ kò gbọdọ̀ dúró láàárín. Ó ní, "Ẹ kú àbọ̀, Ìyá. Mọ́ọ̀dù yìí ń mì. Ẹ bá mi dì í mú."

Ìyá sọ gààrí kalẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di mọ́ọ̀dù náà mú.